Owó Ìlera, Owó Epo àti Gbèsè Ìjọba: Ìtàn Ìnáwó lórí Ìlera ní Warri àti Ìpínlẹ̀ Delta

Ìnáwó ìjọba lórí ìlera ni gbogbo owó tí ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ń yọ nínú àpò ìlú láti fi kọ́ ilé ìwòsàn, láti fi san owó oṣù dókítà àti nọ́ọ̀sì, láti fi ra oògùn àti láti fi ṣètò àjẹsára. Ọ̀nà méjì ni ìnáwó yìí pín sí nínú ìwé ètò ìṣúná. Èkínní ni owó iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú bí owó tí wọ́n fi kọ́ ilé tàbí tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Èkejì ni owó ìnáwó ojoojúmọ́, èyí tí kò ní òpin, nítorí pé ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí lónìí yóò máa béèrè owó oṣù, oògùn, omi àti dísẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ọdún tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá fi wà ní ṣíṣí. Ara èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro tí ìtàn yìí dá lé lórí ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkínní ni àwọn olóṣèlú máa ń pe àwọn oníròyìn wá wò.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ohun tí ó ń kọ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé lóminú ni pé owó ìlera ń yára pọ̀ ju owó tí ń wọlé fún ìjọba lọ. Nígbà tí ìjọba Britain dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NHS sílẹ̀ ní oṣù Keje 1948, kò pẹ́ tí ìnáwó rẹ̀ fi kọjá iye tí wọ́n ti fojú bù, tí ó sì fi di 1951, tí bùkátà ogun Korea tún wọlé, wọ́n ní kí aláìsàn máa dá sí owó eyín àtọwọ́dá àti owó awò ojú, Aneurin Bevan tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ sì tìtorí èyí kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1965, ti wà lára ohun tí ó ń ti gbèsè orílẹ̀-èdè náà sókè jù lọ, nítorí pé àwọn àgbàlagbà ń pọ̀ sí i nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń san owó orí kò pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àníyàn yìí wá sí Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta láìyí i padà, yóò ṣi ọ̀nà. Ní Warri, gbèsè ló ń jẹ owó ìlera, owó ìlera kò tíì tóbi tó èyí tí ó lè bí gbèsè ńlá. Ohun tí ó sì fà á ni pé láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń fi ìlérí tí a gbọ́dọ̀ mú ṣẹ lọ́dọọdún sórí owó epo rọ̀bì, tí kì í wọlé bákan náà lọ́dún méjì.

Kí epo tó dé, ìlànà tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso ni pé kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kí ó má sì ná ju ohun tí ó pa wọlé lọ. Ìlànà yìí kò jẹ́ kí gbèsè pọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìlera náà pọ̀. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ ogun àti àwọn akọ̀wé ni dókítà ìjọba kọ́kọ́ ń tọ́jú. Àwọn ará abúlé tí ó wà lẹ́bàá odò ń bá adáhunṣe lọ, nígbà tí ó sì yá, àwọn míṣọ́nnárì wá dí lára àlàfo náà, bí àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ṣe kọ́ ilé ìwòsàn sí Ekú, tí kò jìnnà sí Warri, ní àárín ọ̀rúndún ogún. Láti rí owó sí i, ìjọba gbé owó orí tí olúkúlùkù ọkùnrin yóò máa san wọ àwọn agbègbè ìhà gúúsù, ìkéde rẹ̀ sì dá rúkèrúdò sílẹ̀ ní agbègbè ìṣàkóso Warri ní 1927, ọdún méjì gbáko ṣáájú ogun àwọn obìnrin ní Aba tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ̀dùn àwọn tí ó fárígá ni pé wọn kò rí ohun tí owó orí náà yóò rà fún wọn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni London yí ohùn padà: ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1946 fi nǹkan bíi 55 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, tí nǹkan bíi 23 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì ti àpò Britain wá. Bí ẹlòmíràn ṣe ń san lára owó àkànṣe, tí owó ojoojúmọ́ sì ń dúró de ẹni tí ó ni ilé, kò tún dáwọ́ dúró láti ìgbà náà.

Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Warri wà nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í di ìjọba mú ní 1952, ọdún kan náà tí àríyànjiyàn lórí orúkọ oyè Olú ti Warri mú kí wọ́n yí orúkọ agbègbè ìṣàkóso náà padà sí Delta. Ẹgbẹ́ Action Group tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún sì di ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n lè rí owó rẹ̀, wọ́n bu ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lé orí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó orí, wọ́n sì sọ ní gbangba pé owó ẹ̀kọ́ àti ìlera ni. Àwọn ènìyàn bínú. Nínú ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ NCNC ló kó ọ̀pọ̀ ìjókòó lọ ní ẹkùn tí Action Group ń ṣàkóso, àwọn òpìtàn sì gbà pé owó náà wà lára ohun tí ó fà á. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ará ìlú rí iye tí ìlera ọ̀fẹ́ ń jẹ lójúkorojú, ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí owó náà yóò rà, ní àkókò kan náà tí wọ́n ń bu owó náà. Lẹ́yìn náà, epo rọ̀bì dé, ó sì gba ìrora yẹn kúrò lọ́rùn àwọn olóṣèlú.

Ní oṣù Kẹjọ 1963, lẹ́yìn ìbò tí wọ́n di ní oṣù Keje, Warri bá àwọn ará Benin jáde kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn láti di Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn. Òfin ìgbà náà fún ẹkùn tí wọ́n bá ti wa epo tàbí ohun àlùmọ́nì ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó bá ti inú ilẹ̀ rẹ̀ jáde. Owó yìí ni wọ́n ń pè ní owó orísun, ìyẹn ìpín tí a fún ibi tí ọrọ̀ ti wá. Gómìnà ológun Samuel Ogbemudia, tí ó ṣàkóso láti 1967 títí di 1975, fi owó ìgbà rẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri, èyí tí ó sì lórúkọ jù nínú wọn ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Benin, tí wọ́n ṣí ní 1973, níbi tí wọ́n ti ń gbé aláìsàn tí apá Warri kò bá ká lọ títí dòní. Ṣùgbọ́n bí owó epo ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológun ní Èkó ń fa owó orísun náà mọ́ra, títí tí ó fi wálẹ̀ dé ìdá kan àtààbọ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún ní àárín àwọn ọdún 1980. Ìpínlẹ̀ Bendel, orúkọ tí wọ́n fún un ní 1976, di ẹni tí ń gbé lórí epo ṣùgbọ́n tí ń dúró de ohun tí àpò àpapọ̀ bá pín fún un lóṣooṣù.

Inú ipò yìí ni Ambrose Alli, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àrùn, bá ìpínlẹ̀ náà nígbà tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN ní oṣù Kẹwàá 1979. Ìlera ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà búra lé lórí, Alli kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: wọ́n dẹ́kun gbígba owó ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, èrò sì ya lọ síbẹ̀. Ìṣirò tí ó gbé ètò náà ró dúró lórí ohun tí epo mú wọlé ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà rí nǹkan bíi bílíọ̀nù 25 dọ́là. Ó fi máa di 1983, owó náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá. Owó oṣù kò ṣeé dín, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí a ti gbà kò ṣeé dá padà sílé ní wàrà. Èlé gbèsè kò ṣeé dín, nítorí pé báńkì òkèèrè kò mọ̀ pé epo ti já lulẹ̀. Nítorí náà, oògùn ni ọ̀bẹ bà. Bí ètò ìṣúná ìlera ṣe máa ń bàjẹ́ nìyẹn, ní Bendel àti ní ibi gbogbo tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí: ilé náà wà, dókítà wà, nọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí ti ṣófo, owó tí wọ́n sì ń san fún dókítà náà ti di ìnáwó tí kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ipò àwọn ilé ìwòsàn, tí kò ní oògùn, omi àti ohun èlò, wà lára ẹ̀sùn tí Sani Abacha kà sílẹ̀ lórí rédíò.

Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó ńlá lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè láti 1978, nígbà tí wọ́n yá bílíọ̀nù kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1985, gbèsè náà ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 19. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 láti lè bá àwọn olówó náà sọ̀rọ̀ já iye náírà wálẹ̀, dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1985 sì ti kọjá náírà méje ní 1989. Fún ètò ìlera, ọgbẹ́ méjì ni èyí dá. Òkèèrè ni ọ̀pọ̀ oògùn àti ẹ̀rọ ti ń wá, òkèèrè náà ni gbèsè sì ń lọ, nítorí náà ọjọ́ tí náírà bá ṣubú ni owó oògùn àti owó gbèsè máa ń gòkè pọ̀, nígbà tí owó orí àti owó oṣù àwọn tí yóò san wọ́n dúró sí ojú kan. Bí èlé ṣe ń mú ìpín púpọ̀ sí i nínú owó ìjọba, àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó káàdì, owó àyẹ̀wò àti owó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì dá ohun tí wọ́n pè ní owó oògùn ayípo sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn fún aláìsàn kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Ìpàdé àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ní Bamako ní 1987, tí àjọ UNICEF wà lẹ́yìn rẹ̀, sọ ọ̀nà yìí di ìlànà fún gbogbo ìhà yìí.

Olikoye Ransome-Kútì, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní sáà náà láti 1985, rí i pé owó tí ó kù kò lè gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn ńláńlá. Ó darí ojú sí ìlera alábọ́dé, ìyẹn àjẹsára, ìtọ́jú aboyún, omi mímọ́ àti oògùn àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀, ó sì fi èyí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ọgbọ́n gidi ni lójú ìṣúná, nítorí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kan rọrùn ju ìtọ́jú ọmọ tí àrùn ìta dá dùbúlẹ̀ lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó rí owó gbà kéré jù nínú àwọn ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró sínú àpò àjùmọ̀ní, ọ̀pọ̀ ilé ìlera alábọ́dé ní àwọn abúlé etí odò Warri kò ní ju orúkọ lọ.

Wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Delta jáde lára Bendel ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Owó orísun gòkè sí ìdá mẹ́ta ní 1992, òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó sọ Delta di ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ tí owó ń wọlé fún jù lọ. Àwọn dókítà méjì ló ṣe gómìnà tẹ̀lé ara wọn láàárín 2007 àti 2023, kò sì yani lẹ́nu pé ìlera rí ojú wọn. Emmanuel Uduaghan, tí ó ti ṣe kọmíṣọ́nà ètò ìlera tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aboyún ní 2007, ó sì fi ti àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kún un lẹ́yìn náà. Ní 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sí Oghara, ìlú tí ó wà lọ́nà Warri sí Benin.

Ó yẹ kí a wo ìtọ́jú aboyún ọ̀fẹ́ yìí fínnífínní, nítorí pé inú rẹ̀ ni bí ìlérí ìlera ṣe ń di gbèsè ti hàn. Aboyún tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní Central Hospital Warri, tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, tí ó ń gba oògùn ibà, tí ó wá bí ní ìrọ̀rùn, kò ná ìjọba ní ohun púpọ̀. Èyí tí ọmọ rẹ̀ bá dábùú, tí wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní òru, béèrè oníṣẹ́ abẹ, oníṣègùn tí ń kun ènìyàn lóorun, ẹ̀jẹ̀ àpò méjì, ìbọ̀wọ́, okùn tí a fi ń rán ojú ọgbẹ́, omi tí a ń fà sára àti iná mànàmáná tí jẹnẹrétọ̀ gbé, láìsí pé ẹnikẹ́ni lè sọ tẹ́lẹ̀ iye irú wọn tí yóò wá lọ́dún. Bí owó bá dé lásìkò láti Asaba, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ilé ìwòsàn yóò ra ohun tí ó lò padà. Bí kò bá dé, ọ̀nà méjì péré ló kù: kí wọ́n yá ọjà lọ́wọ́ olóògùn, tàbí kí nọ́ọ̀sì kọ ohun tí kò sí sórí bébà pélébé fún ọkọ aláìsàn láti lọ rà ní ìta. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń dá gbèsè tí kì í fara hàn nínú ìwé gbèsè ìpínlẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ni owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ báńkì àti ní ọjà ìdókòwò. Ọ̀nà kejì sọ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ di ọ̀fẹ́ lórí rédíò nìkan.

Díẹ̀ ṣáájú kí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ gbèsè ńlá kan. Ní 2005, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yá Nàìjíríà lówó, tí wọ́n ń pè ní Paris Club, gbà láti fojú fo nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 tí a jẹ wọ́n, Nàìjíríà sì san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 tí ó kù tán ní oṣù Kẹrin 2006. Wọ́n ya ohun tí ìyẹn gbà sílẹ̀ sọ́tọ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, fún àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè ẹgbẹ̀rúndún (MDGs) ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, láti inú rẹ̀ sì ni àjọ adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ti san owó ìtọ́jú àwọn aboyún àti ọmọdé ní àwọn ìpínlẹ̀ kan láti 2008. Nígbà tí àfojúsùn náà parí ní 2015, owó náà parí, ìtọ́jú náà sì dúró. Gbèsè tí a dárí jì ti sanwó ìlera fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wá orísun mìíràn sílẹ̀ de ọjọ́ tí yóò tán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí gbèsè ṣe ń ṣáájú ìlera dé ibi owó ní Delta gbọ́dọ̀ lóye bí wọ́n ṣe ń pín owó lóṣooṣù ní Abuja. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ yá owó ńlá máa ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí kò ṣeé yí padà, èyí tí ó fún àwọn tí ń pín owó ní ẹ̀tọ́ láti yọ owó ẹni tí ó yá a kúrò nínú ìpín rẹ̀ kí ìpín náà tó jáde. Ohun tí ó kù ni ó ń dé Asaba. Gbèsè ti jẹun yó kí àwọn ọmọ ilé tó bu òkèlè. Nínú èyí tí ó kù ni wọn yóò ti san owó oṣù, owó àwọn aṣòfin, owó ìfẹ̀yìntì, kí ó tó kan oògùn. Nígbà tí epo ń tà ju 100 dọ́là lọ ní àárín 2014, ẹnikẹ́ni kò ka ohun tí wọ́n ń yọ sí. Nígbà tí ó wálẹ̀ kọjá 30 dọ́là ní oṣù Kínní 2016, iye tí wọ́n ń yọ kò yí padà, ìpín tí wọ́n ń yọ ọ́ lára rẹ̀ ni ó ti súnkì. Ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ajàjàgbara fọ́ ọ̀pá epo Forcados tí ó wà lábẹ́ òkun nítòsí Warri, ó sì lé ní ọdún kan kí ibùdó ìkó-epo-jáde tí ó wà níbẹ̀ tó padà bọ̀ sípò dáadáa. Owó orísun Delta bá a lọ.

Oṣù kan náà ni Gómìnà Ifeanyi Okowa fọwọ́ sí òfin adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní 2017. Okowa ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlera ní ilé aṣòfin àgbà nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ìpínlẹ̀ lẹ́sẹ̀. Adójútòfò ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó kékeré jọ kí wọ́n lè fi tọ́jú àwọn díẹ̀ tí àìsàn bá kọlù nínú wọn. Ní Delta, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa san ìdá kékeré nínú owó oṣù rẹ̀, kí ìjọba tí ó gbà á síṣẹ́ sì máa san tirẹ̀ lé e; kí oníṣòwò, ọlọ́kadà, apẹja àti aránṣọ máa san 7,000 náírà lọ́dún; ìjọba yóò sì san ti aboyún, ti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti ti àwọn arúgbó. Àjọ náà ń san iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ilé ìwòsàn tí ó forúkọ sílẹ̀ sí, lóṣooṣù, yálà ẹni náà ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn, èyí tí ó jẹ́ kí ilé ìwòsàn mọ iye tí yóò wọlé kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá pín 7,000 náírà sí oṣù méjìlá, kò tó 600 náírà lóṣù. Bí a bá pín in sí ọjọ́, kò tó 20 náírà. Ní 2017, ó tó nǹkan bíi dọ́là mẹ́tàlélógún ní iye ìjọba. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là kan sì gòkè dé nǹkan bíi 1,500, iye náírà kan náà kò tó dọ́là márùn-ún mọ́, ní àkókò kan náà tí ilé-iṣẹ́ olóògùn GSK ń kó kúrò ní Nàìjíríà tí owó oògùn ikọ́ fée sì ń fò sókè. Nítorí náà, gbogbo ètò adójútòfò tí iye owó rẹ̀ kò bá bá ọjà rìn yóò máa padà sọ́dọ̀ ìjọba láti wá dí àlàfo, ohun tí ó sì wà lọ́wọ́ ìjọba Delta kò tíì yàtọ̀: epo ni. Ní ìparí 2022, àjọ tí ń mójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè abẹ́lé Delta ju bílíọ̀nù 300 náírà lọ, Èkó nìkan ni tirẹ̀ sì jù ú, bẹ́ẹ̀ Èkó ní owó orí tí ó ń pa fúnra rẹ̀ tí ti Delta kò tó o. A kò lè sọ pé ilé ìwòsàn ló dá gbèsè náà. Títì, afárá, owó ìfẹ̀yìntì àti iṣẹ́ àkànṣe tí wọn kò parí ni ó pọ̀ jù nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ó wà nídìí ìlà nígbà tí wọ́n bá ń san án.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní Abuja, ó kàn tóbi jù ni. Ní oṣù Kẹrin 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Abuja kan náà, wọ́n sì ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná wọn yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí, ó sábà máa ń wà láàárín ìdá mẹ́rin sí mẹ́fà. Òfin 2014 ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àkójọ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé, ṣùgbọ́n ó di ètò ìṣúná 2018 kí owó náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 55 náírà, tó kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Láàárín oṣù Kínní àti oṣù Kẹrin 2022, ìjọba àpapọ̀ san tírílíọ̀nù 1.94 náírà lórí gbèsè àti èlé, nígbà tí owó tí ó wọlé fún un jẹ́ tírílíọ̀nù 1.63, èyí túmọ̀ sí pé gbogbo kọ́bọ̀ tí wọ́n ná lórí ìlera ní oṣù mẹ́rin náà, owó yíyá ni. Nínú ètò ìṣúná tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu gbé síwájú àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ìlera rí tírílíọ̀nù 2.48, gbèsè rí tírílíọ̀nù 15.81. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ìlera rẹ̀ dúró, àwọn aṣòfin ní láti fi iye tí ó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là kún ti ìlera kí oògùn àwọn tí ó ní kòkòrò HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ má baà dáwọ́ dúró.

Ghana gba ọ̀nà mìíràn tí ó yẹ kí àwọn ará Delta wò dáadáa. Láti 1985 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, títí òfin 2003 fi dá adójútòfò sílẹ̀ tí ó sì so owó orí ọjà tí ó jẹ́ ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ọṣẹ tàbí ọtí ní Accra ti san owó ilé ìwòsàn. Owó tí ó ń ti ọjà wá dúró sójú kan ju owó epo lọ, síbẹ̀ nígbà tí gbèsè ká Ghana mọ́, òfin kan ní 2017 fún mínísítà ìṣúná láyè láti fi ìdíwọ̀n sí iye tí ó lè lọ síbẹ̀ kí ó lè ná ìyókù síbòmíràn. Ọdún 2022 ni Ghana dáwọ́ sísan gbèsè òkèèrè rẹ̀ dúró, ó sì di 2025 kí wọ́n tó yọ ìdíwọ̀n náà kúrò.

Apá kan wà nínú ìnáwó yìí tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tí ìjọba ń ná lórí ìlera kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí ilẹ̀ náà ń pèsè, nǹkan bí ìdá 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo owó ìtọ́jú sì ń jáde láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gé owó oògùn kí wọ́n lè san gbèsè ìlú, gbèsè náà kò kúrò nílẹ̀. Ó ṣí lọ sọ́dọ̀ ìyá tí ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àjọ tí ó yá ẹnì kan lówó iṣẹ́ abẹ, láìsí àjọ kankan tí yóò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn dókítà: owó ìjọba ló kọ́ wọn ní Benin, Ìbàdàn àti Abraka, àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn dókítà Britain sì ti ju 10,000 lọ. Òfin tí Muhammadu Buhari, tí ó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ láti san ti àwọn tí kò ní. Lára ohun tí yóò máa bọ́ àpò náà ni ìpín kan nínú ìdá kan tí òfin 2014 ti yà sọ́tọ̀, inú owó ìjọba àpapọ̀ tí epo ṣì wà lára òpó rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́.